Ta Ni Ó Ni Ojú Ẹni Tí Ń Kọjá Lọ?

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè wa tí ó jẹ́ pé ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni awòran, èyí tí í ṣe ẹni tí ó dúró tí ó ń wo ìran. Èkejì ni àwòrán, èyí tí í ṣe ohun tí a yà tàbí tí a gbẹ́ kí ó lè jọ ènìyàn tàbí ohun mìíràn. Bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá bá rí méjèèjì lórí ìwé láìsí àmì, yóò ṣe bí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwa mọ̀ pé ọ̀nà wọn jìn sí ara wọn: ọ̀kan ni ó ń wò, èkejì ni à ń wò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ẹgbẹ́ wa bá mi gbé yẹ̀ wò wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí. Nígbà tí awòran bá mú kámẹ́rà dání, tí ó sì sọ ẹni tí ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ di àwòrán láìbéèrè, ǹjẹ́ ó ṣẹ̀ ẹ́, tàbí kò ṣẹ̀ ẹ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní àwọn ìlú àtijọ́ Yúróòpù tí ó wà létí odò ńlá, bí Páríìsì létí odò Seine àti Budapest létí odò Danube, iṣẹ́ kan wà tí àwọn kan fi ń jẹun. Amọ̀nà kan yóò kó àwọn tí ó fẹ́ràn fọ́tò yíyà sẹ́yìn, wọn yóò sanwó fún un, yóò sì mú wọn rìn láti orí afárá dé inú ọjà, àti láti inú ọjà dé àwọn ọ̀nà tóóró àárín ilé. Yóò máa kọ́ wọn bí a ti í dúró, bí a ti í fara pamọ́, àti ìgbà tí ó yẹ kí a tẹ kámẹ́rà. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, olúkúlùkù a padà sí ilé ìtura rẹ̀ pẹ̀lú ojú àìmọye ènìyàn nínú kámẹ́rà. Ó sanwó fún amọ̀nà, ó sanwó fún ilé ìtura, ó sanwó fún kọfí tí ó mu lọ́nà. Àwọn tí ó ni ojú náà nìkan ni kò gba nǹkan kan, àní wọn kò tilẹ̀ gba "ẹ kú iṣẹ́".

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a wo èyí bí ọ̀rọ̀ òkèèrè. Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sí Ọ̀rẹ̀, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbò ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Benin tàbí sí òdìkejì odò Ọya mọ Ọ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé kò mọ ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé òpópónà márosẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ akérò ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun kí wọ́n sì na ẹsẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dúró tán ni àwọn tí ń kiri ọjà yóò ti yí i ká: oníbúrẹ́dì, onípékeré, olómi, ẹlẹ́pà, ọmọdé àti àgbà, ẹrù lórí, owó lọ́wọ́, oòrùn lójú. Ìran gidi ni. Láyé àtijọ́, ojú nìkan ni èrò ọkọ̀ fi ń wò ó. Lónìí, fóònù ni ó wà lọ́wọ́ èrò, kámẹ́rà sì wà nínú fóònù. Ó rọrùn púpọ̀ kí a na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, kí a ya ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ pẹ̀lú àtẹ búrẹ́dì lórí, kí ọkọ̀ sì ṣí lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà kò ta búrẹ́dì. Kò mọ ẹni tí ó ya òun. Kò sì mọ̀ pé nígbà tí yóò fi di alẹ́, àwọn tí òun kò rí rí ti ń wo òun lórí Facebook, tí wọ́n ń fi òun ṣe àpẹẹrẹ ìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà.

Àwọn tí ó wà lẹ́yìn onífọ́tò ní ẹjọ́ mẹ́ta láti rò, ó sì yẹ kí a gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹjọ́ èkíní ni pé títì kì í ṣe ti ẹnì kan. Wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ kí a wo òun, kí ó jókòó sílé rẹ̀. Bí ojú bá lè wò ó, kí ló dé tí kámẹ́rà kò fi lè wò ó? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. Kò sí òfin kan tí ó sọ ní gbogbogbòò pé kí a kọ́kọ́ béèrè kí a tó ya ènìyàn ní ìta gbangba. Ṣùgbọ́n ẹ rékọjá sí Hungary. Ìwé òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014 sọ pé a gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda ẹni kí a tó ya àwòrán rẹ̀, kì í ṣe kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde nìkan, àfi bí ó bá jẹ́ àwòrán ọ̀pọ̀ èrò, tàbí ti ẹni tí ó jáde síta láti bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ní Jámánì, òfin ọdún 1907 kò jẹ́ kí a pín àwòrán ojú ènìyàn kiri láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dá àwọn ọ̀ràn kan sí. Ní ilẹ̀ tiwa, ìpín 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, ìwé tí ó kọ àti ọ̀rọ̀ tí ó sọ lórí fóònù. Kò dárúkọ ojú rẹ̀ ní títì.

A rí i báyìí pé ohun tí kò ní láìfí ní Lọ́ńdọ̀nù lè di ẹ̀ṣẹ̀ ní Budapest, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn kò sì yí padà láàárín ìlú méjèèjì. Nítorí náà òfin nìkan kò lè parí ẹjọ́ yìí fún wa. Òfin a máa sọ ohun tí a lè ṣe tí ọlọ́pàá kò fi ní mú wa. Kò sọ ohun tí ó yẹ ọmọlúwàbí. Àní kí a tilẹ̀ gbà pé títì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ojú àti kámẹ́rà kì í ṣe ọgba. Ojú a máa wò, a sì máa gbàgbé. Ẹni tí a fi ojú wò lè wo awòran padà. Ó lè rẹ́rìn-ín, ó lè fajú ro, ó lè bi í pé kí ni ó ń wò. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n àwòrán a máa gbé ojú náà lọ sí ibi tí olójú kò sí, níbẹ̀ ni a ó sì ti máa rojọ́ lé e lórí tí kò ní lè fèsì. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn náà wà.

Ẹjọ́ kejì ni pé bíbéèrè a máa ba òtítọ́ jẹ́. Wọ́n ní bí a bá ti sọ fún ènìyàn pé a fẹ́ yà á, yóò tún fìlà ṣe, yóò na ọrùn, ohun tí a rí kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Henri Cartier-Bresson, ará Faransé tí ó gbé ayé láti 1908 sí 2004, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó sọ iṣẹ́ fọ́tò títì di olókìkí. Téèpù dúdú ni ó fi bo ibi tí ń dán lára kámẹ́rà Leica rẹ̀ kí àwọn ènìyàn má baà fura. Fọ́tò rẹ̀ dára, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya òun. Nígbà tí Yunifásítì Oxford fún un ní oyè ọlá ní 1975, ìwé ni ó fi bo ojú nígbà tí wọ́n fẹ́ yà á. Ó lè ní ìdí tirẹ̀. Ẹni tí gbogbo ayé bá dá mọ̀, kò rọrùn fún un láti máa yọ́ rìn ní títì. Èmi kò bá a jà. Mo kàn ń béèrè pé, bí ojú ẹni bá níye lórí tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó mọ ohun tí kámẹ́rà lè ṣe, báwo ni ó ṣe di ọ̀fẹ́ lára ẹni tí kò mọ̀? Àwọn baba wa ní kí ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.

Yàtọ̀ sí èyí, kò tilẹ̀ dájú pé bíbéèrè a máa pa àwòrán. Ní 1950, Robert Doisneau ya ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń fi ẹnu ko ọ̀dọ́mọbìnrin kan lẹ́nu láàárín èrò, nítòsí gbọ̀ngàn ìlú Páríìsì, tí kò jìnnà sí odò Seine. Fún nǹkan bí ogójì ọdún ni ayé fi gbà pé ṣe ni ó ń kọjá lọ tí ó sì rí wọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ ní àwọn ọdún 1990 ni ó tó hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ eré ìtàgé ni àwọn méjèèjì, àti pé ó ti bẹ̀ wọ́n kí ó tó yà wọ́n. Ó fún ọmọbìnrin náà, Françoise Bornet, ní ẹ̀dà kan. Ní 2005, obìnrin yìí ta ẹ̀dà náà ní gbàǹjo ní 155,000 yúrò. Bí irọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, inú fífi bíbéèrè pamọ́ ni ó wà, kò sí nínú bíbéèrè fúnra rẹ̀. Ogójì ọdún ni ayé fi jẹ́rìí pé òtítọ́ ìfẹ́ ń bẹ nínú fọ́tò tí a tọrọ.

Ẹ fi èyí wé ti Florence Owens Thompson. Ní 1936, Dorothea Lange bá obìnrin yìí nínú àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ oko tí ebi ń pa ní Nipomo, ní ilẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Lange yà á, kò béèrè orúkọ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Fọ́tò náà kárí ayé. Lóòótọ́, ìjọba fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí àgọ́ náà nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti kúrò níbẹ̀ kí oúnjẹ tó dé. Ọdún 1978 ni a tó mọ orúkọ rẹ̀, ohun tí ó sì sọ nígbà náà ni pé ìbá wu òun kí wọ́n má ti ya òun, nítorí òun kò rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Fún ọdún 42 ni ojú rẹ̀ fi jẹ́ ojú ìṣẹ́ fún gbogbo ayé láìní orúkọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí, kí ó tún rántí oníbúrẹ́dì Ọ̀rẹ̀.

Ẹjọ́ kẹta ni ó wúwo jù. Wọ́n ní bí a bá ní kí gbogbo onífọ́tò máa tọrọ àyè, ìtàn yóò ṣègbé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra tí ó la odò Ọya kọjá dé Ọ̀rẹ̀, níbẹ̀ ni ìjà sì ti le. Títí di òní, bí nǹkan bá le, Yorùbá a ní "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀". Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó gbé ọjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwa tí a kò tíì bí nígbà náà. Bí onífọ́tò bá wà ní oríta Ọ̀rẹ̀ ní ọjọ́ náà, ǹjẹ́ a ó ní kí ó kọ́kọ́ máa gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn tí ń sá àsálà? Rárá o. Mo gbà pẹ̀lú wọn níhìn-ín. Ẹni tí ó ya ohun tí ìlú gbọ́dọ̀ mọ̀, ẹ̀rí ni ó ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí a máa sọ orúkọ ara rẹ̀, a máa dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó sì ń ṣe é fún. Ẹni tí ń kó ojú ènìyàn jọ bí ọmọdé ti ń kó labalábá jọ kò lè wọ agbádá ẹlẹ́rìí.

Kí ni àwọn ènìyàn wa mọ̀ nípa àwòrán? Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal gbà pé inú "wò" àti "rántí" ni ọ̀rọ̀ náà ti wá: ohun tí a wò kí a lè rántí. Ní Ọ̀wọ̀, nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà, láyé àtijọ́, wọ́n a máa gbẹ́ àkó fún àgbà tí ó kú, ère tí ó jọ olóògbé, wọn a wọ̀ ọ́ láṣọ dáradára, wọn a sì gbé e yí ìlú ká. Àwòrán ènìyàn ní títì ni èyí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ olóògbé ni ó pàṣẹ rẹ̀, àwọn ni ó náwó rẹ̀, àwọn ni ó sì ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí fọ́tò dé, ọgbọ́n kan náà ni a fi gbà á. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tẹ ìwádìí jáde ní 1978 lórí àwọn onífọ́tò Yorùbá, pàápàá ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ó rí i pé àgbà a máa wọ aṣọ tí ó dára jù, a máa jókòó ṣinṣin, a sì máa kọjú sí kámẹ́rà gan-an. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n a ya èyí tí ó kù, wọn a sì tẹ fọ́tò náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan kí ó lè di ẹni méjì. N kò sọ pé ayé àtijọ́ mọ́ ju tiwa lọ. Onífọ́tò mìíràn a máa gbé fọ́tò oníbàárà kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù láìbéèrè, kí àwọn ẹlòmíràn lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ a rí ìlànà kan nínú gbogbo rẹ̀: ènìyàn ni ó máa ń lọ pàdé àwòrán ara rẹ̀, àwòrán kì í yọ́ gba ẹ̀yìn wá bá a.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìlànà yìí kò lè bá iṣẹ́ títì mu. Akinbode Akinbiyi, ọmọ wa tí a bí ní Oxford ní 1946 tí ó sì fi Berlin ṣe ilé, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn kiri Èkó, Berlin àti ìlú mìíràn, ẹsẹ̀ ni ó sì fi ń rìn, jẹ́ẹ́jẹ́. Irú kámẹ́rà tí a mọ̀ ọ́n mọ́, Rolleiflex, kì í ṣe èyí tí a ń gbé sójú bí ìbọn. Iwájú ikùn ni a ń gbé e sí, a ó sì tẹrí ba kí a tó lè rí inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ náà ni, kì í ṣe pé wọ́n fi ń kíni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró ní gbangba, tí kò kánjú, tí ó sì tẹrí ba, ti fún ẹni tí ó fẹ́ yà láyè láti rí i, láti rẹ́rìn-ín sí i, tàbí láti yí ojú kúrò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti burú jù ni ibi tí ẹni tí à ń yà kò lè yí ojú kúrò. Òpópónà Ṣàgámù sí Benin tí ó gba Ọ̀rẹ̀ kọjá ti mu ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá dànù, àwọn kan a sáré lọ fa ènìyàn yọ. Àwọn mìíràn a sáré lọ fa fóònù yọ. Kí ẹnikẹ́ni tó ránṣẹ́ sí ẹbí, fóònù ti gbé ojú òkú lọ bá ìyá rẹ̀ nínú ilé. Ẹ gbọ́ bí òfin Jámánì tí mo mẹ́nu kàn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1898, onífọ́tò méjì yọ́ wọ iyàrá tí Bismarck kú sí, wọ́n sì ya òkú rẹ̀ lórí ibùsùn. Ilé ẹjọ́ gbẹ́sẹ̀ lé àwòrán náà, ọ̀ràn yìí sì wà lára ohun tí ó bí òfin 1907. Ikú ẹni ńlá kan ni ó kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Mélòó nínú àwọn tí kì í ṣe ẹni ńlá ni yóò kú lọ́nà Ọ̀rẹ̀ kí àwa tó kọ́ ọ?

Èrò tèmi nìyí. Ẹni tí kò lè sọ pé rárá, kí a má yà á: òkú, ẹni tí ó fara pa, ọmọdé tí òbí rẹ̀ kò sí nítòsí, ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ẹni tí ó lè sọ ọ́, kí a fún un láyè láti sọ ọ́. Láàárín àwọn méjèèjì ni àwọn kan wà tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún jù lọ, àwọn tí ẹnu wọn lè sọ pé rárá ṣùgbọ́n tí ìṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Oníbúrẹ́dì kò lè bá èrò ọkọ̀ jà. Bí ó bá fajú ro, ta ni yóò rà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ sì ṣàkíyèsí pé amọ̀nà kì í kó onífọ́tò lọ sẹ́nu ọ̀nà olówó. Ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, ajá wà níbẹ̀. Ọjà ni wọ́n ń lọ, àti abẹ́ afárá níbi tí aláìnílé ń sùn sí. Àwọn àgbà ní ẹni tí à ń wò kì í wòran. Òótọ́ ni fún ọba tí a gbé sórí ìtẹ́ tí ó mọ̀ pé à ń wo òun. Ti ẹni tí kò mọ̀ ńkọ́? Bí títì bá jẹ́ ti gbogbo wa lóòótọ́, kò yẹ kí ó jẹ́ ẹni tí kò ní ògiri nìkan ni yóò máa san owó ibodè rẹ̀ pẹ̀lú ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ wa ni yóò gba Ọ̀rẹ̀ kọjá nígbà tí a bá ń lọ sílé fún ìsinmi, fóònù yóò sì wà lọ́wọ́ wa. Bí ojú ẹnì kan bá wù yín, ẹ kí i. Ẹ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ bí owó bá wà. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì sọ tiyín fún un. Bí ó bá gbà, ẹ yà á, ẹ fi hàn án, ẹ sì fi ránṣẹ́ sí i bí òun náà bá ní fóònù. Bí ó bá sì ní rárá, ẹ má ṣe bínú. Ẹ ti wò ó. Ẹ lè rántí rẹ̀ láìsí fọ́tò.